Mo Ní Ó Di Ẹ̀yìn Ààwẹ̀ Kí N Tó Padà Lọ Tọ́jú Eyín Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀pọ̀ yín ló ti ń béèrè ìdí tí mo fi dákẹ́ láti ìgbà ààwẹ̀. Ẹ sún mọ́bí, kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ó ti rẹ̀ mí, nítorí náà n kò ní fi ẹwà sí i.

Ọjọ́ kejìdínlógún ààwẹ̀ ni. Wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì, mo gbé omi sẹ́nu kí n fi ṣínu. Omi náà kò lọ. Imú mi ló gbà jáde! Mo tún gbé e, ó tún gba imú jáde. Mo fẹ́ fi dàbínù kan sẹ́nu, ẹnu mi kò ṣí ju fífẹ̀ ìka kan lọ. Ahọ́n mi ti gbéra sókè, bí ẹni pé nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tì í.

Bàbá Sàlámì, ọkọ mi, béèrè ohun tó ṣe mí. Ohùn tí mo fi dáhùn dà bí ti ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ó ní kí n ṣí ìborùn mi. Ẹ gbọ́, ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń fi ìborùn yẹn bo abẹ́ àgbọ̀n mi! Nígbà tó rí bí ibẹ̀ ṣe wú, ó dìde láìtíì fẹnu kan ògì rẹ̀. "Ìyá Sàlámì, ṣé o fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Eyín lásán ni mo ti ń pè é.

Báwo ni ọ̀rọ̀ eyín ṣe dé ọ̀fun? Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Atakpamé ní Tógò níbí ni wọ́n bí mi sí, àwọn òbí mi ló wá láti Nàìjíríà. Abọ́ rọ́bà ni mo ń tà, mo sì ń ná ọjà Anié àti ti Elavagnon. Eyín kan lẹ́yìn, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ti ń dùn mí tipẹ́. Tó bá dùn, mo máa ń fi kànáfùrù sí i, tàbí kí n ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Tó bá ti rọlẹ̀, mo gbàgbé. Àbí ẹ̀yin kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó dùn mí débi pé mi ò lè to abọ́. Mo gbà lọ sí ilé ìwòsàn eyín. Faransé ni dókítà ń sọ. Nọ́ọ̀sì rẹ̀ tó ń jẹ́ Afi, ọmọ Ifẹ̀ ti Tógò níbí láti abúlé kan lọ́nà Kamina, ló ń túmọ̀ fún mi. Ifẹ̀ tirẹ̀ àti Yorùbá tèmi kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ a gbọ́ra wa yé. Dókítà lu ihò sí eyín náà, ọyún jáde. Ó fi oògùn sínú ihò rẹ̀, ó fi nǹkan funfun kan dí i fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n sì tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí òun tó lè dí i pátápátá.

Afi kọ ọjọ́ náà sínú ìwé mi, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọjọ́ yìí bọ́ sínú ààwẹ̀ yín. Ẹ ò ní wá."

Mo ní n ó wá.

"Ẹ̀yin Ànàgó! Mo mọ̀ yín. Tí ààwẹ̀ bá ti wọlé, bẹ́ǹṣì yìí á ṣófo. Ẹ jẹ́ kí ọdún kọjá, a ò ní ríbi gbà!"

Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá tó wá láti Nàìjíríà níbí. Mo bi í pé ṣé àwa nìkan ni. Ó ní rárá, àwọn èèyàn tòun náà burú. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àgbẹ̀ kankan kò ní yọjú, kódà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí elégédé. Ìgbà tí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́ ni wọ́n á tó dé, nígbà náà kò ní sí ohun tí dókítà lè ṣe ju kó fa eyín náà yọ. Ó ní eyín kì í wo oko, kì í wo ọjà, kì í sì í wo ààwẹ̀.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo lọ sílé. Ìrora ti lọ pátápátá. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn.

Oṣù lé, a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi pé. Mo bi Ìyá Rukaya tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà, mo ní tí wọ́n bá da omi sí mi lẹ́nu níbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde, ṣé ààwẹ̀ mi kò ní bàjẹ́?

"Háà! Omi, ẹ̀jẹ̀, oògùn? O ti jẹun nìyẹn! Dúró di ẹ̀yìn ọdún. Èmi náà ní èyí tó ń dùn mí, a ó jọ lọ."

Ọkàn mi balẹ̀. Ṣé kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ?

Oògùn tí wọ́n ní kí n máa lò lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ńkọ́? Mo ń lo ọ̀kan ní sààrì, mo ń gbé méjì pọ̀ nígbà ìṣínu. Mo rò pé mo gbọ́n! Nígbà tó yá, ohun funfun yẹn bọ́ sínú àkàrà tí mo ń jẹ. Mo fi òwú dí ihò náà. Abẹ́ àgbọ̀n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo fi ìborùn bò ó, mo ń ka ọjọ́ tó kù kí ọdún dé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ìdí omi tó ń gba imú jáde.

Bàbá Sàlámì pe sémíjàn, ọ̀kadà akérò wa, wọ́n fi mí sáàárín. Mi ò lè gbé itọ́ mì, ó ń ṣàn sí mi láyà bíi ti ọmọ ọwọ́. Nílé ìwòsàn, wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà eyín, Afi sì bá a wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Dókítà fọwọ́ kan ọrùn mi, ó sọ Faransé tó pọ̀, Afi kò sì túmọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ní kó sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Bàbá, ọyún eyín ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, ó fẹ́ dí ọ̀nà èémí. Tí a bá ní ká kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí Lomé, wọn kò ní débẹ̀ láàyè. Níbí la ti máa là á, nísinsìnyí."

Èmi gbọ́ o! Ọ̀fun mi ló dí, etí mi kò dí.

Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n mi. Mi ò ní sọ bí ohun tó jáde ṣe rùn. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀ kí ìyókù lè máa ṣàn, wọ́n fa eyín náà yọ, wọ́n sì fa omi oògùn sí mi lápá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀, orí ìjókòó ni mo sì ti ń sùn, torí tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ọ̀fun mi tún fẹ́ dí.

Àfáà wa wá kí mi. Ó wò mí títí, ó ní ta ló ní kí n máa gba ààwẹ̀ pẹ̀lú àìsàn? Ṣé mi ò mọ̀ pé Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn kó ṣínu, kó san án padà nígbà tó bá gbádùn? Àti pé ká tiẹ̀ ní mi ò fẹ́ ṣínu, ṣé mi ò lè bẹ dókítà kó fi ọjọ́ mi sí ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìṣínu ni? "O ò bi èmi. Alálùbọ́sà lo lọ bi!"



Ewu kò sì tíì tán. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà náà, dókítà ní eegun àgbọ̀n mi ń ba òun lẹ́rù. Tí ọyún bá ti wọnú rẹ̀, wọ́n lè gé lára rẹ̀. Ó ní kí n máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí òun yóò fi ya fọ́tò eegun náà wò.

Ọjọ́ kẹta ọdún ni mo kọ́kọ́ padà lọ. Ẹ̀yin èèyàn, bẹ́ǹṣì kún! Àwọn èèyàn wa ló jókòó síbẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, àwọn kan sì dúró. Afi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin Ànàgó! Mo ti ń retí yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí agbára ẹ̀rín.

Ìyá Rukaya wà láàárín wọn. Ó rí abẹ́ àgbọ̀n mi tí wọ́n fi aṣọ dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Mo ní kò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo yan ẹni tí mo bi. Mo ní kó ṣáà ṣe ohun kan fún mi: tí wọ́n bá ní kó padà wá, kó padà wá, kódà tí kò bá dùn ún mọ́.

Mo ń kọ́ ọ, àmọ́ ẹ wò mí lọ́sẹ̀ kẹrin! Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò náà bọ́ sí ọjọ́ ọjà Elavagnon. Mi ò tíì tajà kan láti ìgbà ààwẹ̀. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Mo ti kó abọ́ sínú ọkọ̀, awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò jìnnà. Bàbá Sàlámì dúró, ó ń wò mí.

Mo sọ fún awakọ̀ pé kó já ẹrù mi kalẹ̀. Ó bínú gan-an, ó ní ìyá yìí fi àkókò òun ṣòfò. Mo ní kó má bínú.

Bẹ́ǹṣì ti ṣófo padà lọ́jọ́ yẹn. Nínú gbogbo àwọn tó kún ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún, èèyàn méjì péré ni mo rí, Ìyá Rukaya sì jẹ́ ọ̀kan. A kí ara wa.

Wọ́n ya fọ́tò náà. Dókítà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò. Ìdí mi kò tẹ́ sórí àga. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún Afi. Afi kọjú sí mi, ó ní, "Ìyá, eegun yín mọ́. Kò sí ewu mọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Mo rò pé n ó fò sókè ni. Mi ò lè dìde. Afi bi mí bóyá nǹkan míì tún ń dùn mí. Mo ní rárá, kó jẹ́ kí n sinmi díẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ìrora lọ kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti lọ. Ẹ má dúró de ẹ̀yìn ààwẹ̀, ẹ̀yìn ọjà tàbí ẹ̀yìn ìkórè. Tí ohun kan bá sì rú yín lójú nípa ẹ̀sìn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ bi.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wà níbí tó ní ọjọ́ tí dókítà dá fún un, tí kò tíì lọ? Kí ló dá yín dúró? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mi ò ní bú yín. Èmi gan-an ni ẹ ń wò yìí.