Orin Tí A Fi Ń Bára Wa Jà

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Ọ̀yọ́, tí ìyá ọkọ mi máa ń fi ìka kan ilẹ̀kùn wa lẹ́ẹ̀mẹta ní aago márùn-ún ìdájí. Àdúrà ti yá nìyẹn. Mẹ́ta péré ni wá nílé: Ìyá, ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, àti èmi tí wọ́n gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Òfin ilé náà ni pé ẹni tó bá kàn ni yóò dá orin lọ́jọ́ náà, àwọn yòókù á sì gbè é. Ìwé orin Ìyá ti gbó débi pé òwú dúdú ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í wò ó. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ sórí.

Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí, inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo sì dàgbà sí, mo wá rò pé kò sẹ́ni tó mọ orin tó mi láyé. Ìyá á mú ohùn òkè, èmi á mú álítò, ọkọ mi á máa fa ohùn ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wọ́ àga nílẹ̀. Tí a bá ṣe àmín tán, ohunkóhun tí ọjọ́ náà bá gbé wá kì í bà mí lẹ́rù mọ́. Ọdún méjì la fi wà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kẹta, tí n kò tíì rí ọmọ gbé pọ̀n, àlejò kan wá kí wa. Ìyá wo ilé yíká, wọ́n ní, “Ilé yìí mà dákẹ́ o. Ilé tí kò gbọ́ ẹkún ọmọ, kí la ń pè é?” Omi ni mo ń gbé bọ̀ fún àlejò nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi náà fún àlejò, torí ọmọ tí a kọ́ nílé ni mí. Ṣùgbọ́n èmi ni orin kàn lọ́jọ́ kejì. Mo ṣí abala Ìdájọ́, mo yan èyí tó sọ bí Olúwa yóò ṣe bi olúkúlùkù léèrè ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, mo sì kọ ọ́ kí àwọn aládùúgbò náà lè jàǹfààní. Ìyá rọra gbè é. Nígbà tó kàn wọ́n, orin tó ń bá agbéraga wí ni wọ́n dá, gbogbo ẹsẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì tún èyí tó kẹ́yìn kọ. Ọkọ mi, ẹni ẹlẹ́ni, orin àlàáfíà kan náà ló ń dá nígbàkígbà tó bá kàn án, á sì máa wo ilẹ̀. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọjá lójúde wa nígbà náà á ní ilé àwọn olùfọkànsìn rèé. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́wàá la fi bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Inú ìjà yìí ni oyún bá mi. Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún. Mo fẹ́ kó yọ síta kí Ìyá fi ojú ara wọn rí i. Kò yọ síta. Ó bàjẹ́ ní ọsibítù, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Ọkọ mi sọ fún ìyá rẹ̀. Èmi wọ yàrá lọ, mo di ẹrù mi sínú báàgì. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ń lọ ní òwúrọ̀ ni n ó wọ̀, tí mo bá sì ti sọ̀ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa, n kò padà mọ́. Ó bẹ̀ mí títí, n kò gbọ́.

Ní ìdájí, ìka kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé báàgì jáde, mo gbé e síbi tí Ìyá ti máa rí i. Àwọn ni orin kàn. Wọ́n wo báàgì náà, wọ́n wá dá orin kan láti abala Ìrònúpìwàdà. Mo ní lọ́kàn mi pé, àní lónìí náà? Mo gbójú sókè kí n fi ojú sọ ohun tí ẹnu mi kò lè sọ, mo bá rí i pé Ìyá kò sí lórí àga. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n wà, àwọn tí orúnkún ń dùn, tí wọ́n ti ń jókòó gbàdúrà láti ìgbà tí mo ti dé ilé náà. Ara wọn ni wọ́n ń bá wí.

Ohùn wọn já ní ẹsẹ kejì. Ọkọ mi ń sunkún, kò lè gbà á. Èmi ni mo gbà á. Ó korò lẹ́nu mi ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá tún ohùn rí, tí mo bọ́ sí álítò mi, omi bọ́ lójú mi, àyà mi sì rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, ọkọ mi ti dì mọ́ mi, síbẹ̀ ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé n kò nìkan wà.

Lẹ́yìn àmín, Ìyá ní, “Ìyàwó mi, méjì ni èmi náà sin kí n tó bí ọkọ ẹ. Mo mọ bó ṣe ń dunni, mo sì tún sọ ọ́.” Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.

Mo ní, “Ẹ dìde, Ìyá, ilẹ̀ tutù.”

“Gbé báàgì ẹ wọlé ná, kí o tó wá gbé mi.”

Ìyá ti lọ sinmi. Ọlọ́run fún wa lọ́mọkùnrin lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e pọ̀n kí wọ́n tó lọ. Ó ti gbéyàwó báyìí, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, orí fóònù la sì ti ń gbàdúrà òwúrọ̀, a ń rí ojú ara wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ níwájú èèyàn pé ọmọ wọn rù, pé bóyá ìyá rẹ̀ kò ráyè bọ́ ọ. Níjọ́ tí orin kan ìyàwó ọmọ mi, abala Ìdájọ́ ló ṣí. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo ní ikọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí. Lánàá, ọkọ mi, ẹni ẹlẹ́ni, dá orin àlàáfíà rẹ̀.

Ọ̀la ló kàn mí. Mo ti mú ìwé orin Ìyá jáde, mo ti ṣí i síbi tó yẹ. Orúnkún ti ń dun èmi náà. Mo ti ní kí ọkọ mi gbé fóònù sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ìyàwó ọmọ mi lè rí i pé mo kúnlẹ̀.