Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Bánjọ

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Hannah wọ agbolé ọkọ rẹ̀ ní Ìkòrò ni kò ti ka Bánjọ sí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó kì í yájú sí ẹni tó bá nílé, ìbáà ṣe àbúrò ọkọ. Nítorí náà ó ń kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n bá ti pàdé, nígbà tí Bánjọ sì bí àkọ́bí rẹ̀, Hannah bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Níkẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ṣìnà wọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe ń wò ó.

Ó nídìí. Bánjọ ló máa ń wọn kòkó fún àwọn tó ń rà á, kò sì sí àgbẹ̀ kan ládùúgbò náà tí kò mọ̀ pé kòkó máa ń fúyẹ́ bó bá ti dé orí òṣùwọ̀n rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ ló ń ga jù, òun náà sì ni kì í mọ orin. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ilé, òun ti fẹ́ kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìwé, ó ku díẹ̀ kí òun náà kà á. Ohun tó ń bí Hannah nínú jù ni pé ọkọ rẹ̀, Olúkáyọ̀dé, kì í rí àléébù kankan lára àbúrò rẹ̀ yìí. "Ọmọ ìyá mi ni," ni yóò wí, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Olúkáyọ̀dé ní tirẹ̀ jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́. Wàrrì ló ti ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú irinṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ epo kan, Hannah sì ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní mọ́tò wíwà, tí Hannah fẹ́ẹ̀ fi Pijó wọn kọlu ògiri onílé, gbogbo ohun tó sọ kò ju pé, "Ògiri yẹn ti pẹ́ níbẹ̀, ó yẹ kí o ti rí i." Àwọn olè jí mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan. Ojú ọ̀nà Sàpẹ́lẹ́ ni wọ́n ti padà rí i, wọ́n ti yọ gbogbo táyà rẹ̀ lọ. Bó ṣe tún un ṣe tán ló gbé e tọ ẹnì kan lọ tó bá a fi àláàmù sí i, èyí tó ní rìmóòtù kékeré kan tí kò ju ìdajì páálí ìṣáná lọ.

Bí ẹni ń kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ló ṣe kọ́ Hannah ní ìlò rẹ̀.

"Tẹ eléyìí ná. Dúró kí ó ké lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ni kí o tó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Bí o bá jókòó tán, yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kí iná pupa tàn níwájú rẹ. Tún un yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, tú ọwọ́ sílẹ̀, má fún un lọ́rùn bí ẹni fẹ́ pa adìyẹ. Ṣùgbọ́n bí o kò bá tẹ eléyìí, yóò máa ké ni. O lè yí kọ́kọ́rọ́ di ọ̀la, kò ní dá ọ lóhùn."

Hannah bi í pé kí ló dé tí kò so rìmóòtù náà mọ́ kọ́kọ́rọ́.

"Olè tó bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ, ṣé o tún fẹ́ bá a dì wọ́n pọ̀ ni?"

Nítorí náà, àpò ṣòkòtò ni kọ́kọ́rọ́ ń wà, àpò ẹ̀wù sì ni rìmóòtù.

Nígbà tí Olúkáyọ̀dé fẹ̀yìn tì, wọ́n kó wá sílé, Hannah sì rí iṣẹ́ tíṣà gbà lọ́dọ̀ ìjọba ní Àkúrẹ́, wọ́n gbé e sí ilé-ìwé kan ní Ìjerò. Kò pẹ́ tí Bánjọ fi sọ iwájú Pijó náà di ìjókòó tirẹ̀. Ibi yòówù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń lọ, yóò ti jókòó síwájú, yóò gbé ìgbọ̀nwọ́ síta láti ojú fèrèsé, yóò máa kí àwọn tí kò kí i. Bí Olúkáyọ̀dé bá ti fọwọ́ kan àpò ẹ̀wù, tí mọ́tò ké kwí-kwí, Bánjọ á bú sẹ́rìn-ín. Hannah gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń gẹrun lábẹ́ igi pé, "Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi mọ olówó rẹ̀. Bó bá ti rí i lókèèrè báyìí, á kí i." Hannah rò pé ó ń ṣeré ni. Ìgbà tó tún sọ ọ́, ó wò ó dáadáa, ó rí i pé kò ṣeré. Bánjọ ń gun mọ́tò yìí láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kò sì bi ara rẹ̀ rí pé kí ló wà nínú àpò yẹn.

Lọ́dún tí wọ́n fagi lé ìbò, tí epo wọ́n bí ojú, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Olúkáyọ̀dé ní ọsibítù ní Adó. Wọn kò tíì sin ín tí Bánjọ fi wọ pálọ̀, tó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kúrò lára ìṣó tí wọ́n máa ń gbé e kọ́ bí wọ́n bá wà nílé.

"Kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀, ìyàwó. Ọwọ́ ti pọ̀ nílé jù."

Rìmóòtù wà nínú ẹ̀wù tí àwọn nọ́ọ̀sì ká fún Hannah ní Adó. Ó yọ ọ́, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀.

Nígbà tí ìsìnkú kọjá, ẹbí jókòó. Bàbá Dúrótoyè, tó jẹ́ àgbà wọn, ló sọ̀rọ̀.

"Ulé yìí náà ni mọ́tò yóò máa wà. Ṣùgbọ́n kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Bánjọ. Obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀, níbo ló fẹ́ máa wà á lọ?"

"Ibi iṣẹ́ ni, bàbá," ni Hannah wí.

"Ọkọ̀ èrò ń lọ sí Ìjerò."

Bánjọ ń ju kọ́kọ́rọ́ sókè, ó ń hán an. Òótọ́ ni pé Hannah ti mú rìmóòtù wá síbẹ̀, tó fẹ́ gbé e sílẹ̀ bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó kù. Kò sí ẹni tó bi í. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, Bánjọ wọ aṣọ tuntun, ó fi gíláàsì dúdú sójú. Kò mọ mọ́tò wà, nítorí náà ó mú Adékúnlé wá, ẹni tó ń wa lọ́rì gẹdú. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n ń lọ, kí àwọn ará ibẹ̀ lè rí i. Janet, ìyàwó rẹ̀, ti wé gèlè, ó ń dúró ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí Adékúnlé ṣe ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn tó ṣí i ni mọ́tò figbe ta. Ewúrẹ́ sá, ọmọdé sá, gèlè Janet wó. Adékúnlé wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa tàn, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ó tún un yí, ó tún un yí, mọ́tò ń ké lórí wọn.

Hannah jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyàwó, kí ló ń ṣe mọ́tò yìí?"

"Ṣé ọwọ́ yín kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà, Bàbá Níkẹ́?"

"Òun rèé."

"Hẹn-ẹn." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Wọ́n yí i títí bátìrì fi kú. Bánjọ lọ pe Ọláníyì, mẹ́kááníìkì láti Ìjerò. Ọkùnrin náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo wáyà tí kò rí irú rẹ̀ rí, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: kí wọ́n wọ́ ọ lọ sí Ìbàdàn. Bánjọ, ahun tí kì í fẹ́ náwó, ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ọláníyì bá a gba iná sí bátìrì, ó dá a padà síbi tó wà. Bí Bánjọ ṣe fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ni igbe tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ọláníyì wí, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, "ó jọ pé mọ́tò yìí kò mọ̀ yín."

Àwàdà ló fi ṣe. Ṣùgbọ́n ojú Bánjọ yí padà, nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ káàkiri láti ọjọ́ yìí ni Ọláníyì sọ jáde yẹn. Kò tún sún mọ́ mọ́tò náà mọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti lọ mú wòlíì kan wá láti Ẹ̀fọ̀n.

Wòlíì da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yí mọ́tò ká, ó gbàdúrà títí òógùn fi bò ó. Ó ní kí Bánjọ ṣílẹ̀kùn ní orúkọ Jésù. Bánjọ ṣí i. Igbe tí mọ́tò ké, wòlíì fi ẹ̀yìn rìn dé ìdí ọsàn. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó wá nǹkan sọ kí ojú má bàa ti òun.

"Òkú kò tíì fọwọ́ sí i. Ẹnìkan wà nínú agbolé yìí tó mọ ohun tó ṣe fún un."

Gbogbo èrò tó dúró wo ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe gba ìlú kan nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ tí kòkó wọn ti fúyẹ́ lójijì rí ìdí tí wọ́n fi kórìíra Bánjọ láìṣàlàyé. Kò sí ẹni tó fẹ́ bá a mu nínú ife kan náà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà dé yàrá àwọn tíṣà ní Ìjerò, Hannah gbọ́ ọ, ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Iyán tó jẹ lọ́jọ́ náà lọ tààrà. Ó ní òmùgọ̀ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ kòtò, ta ni yóò yá a ní àkàbà?

Níkẹ́, àkọ́bí Bánjọ, ló wá bá a. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni ọmọbìnrin náà wà, ará Ẹ̀rìjìyàn ló sì fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Àwọn àna ti ránṣẹ́ pé àwọn kò lè fẹ́yàwó nílé tí àbúrò ti ń pa ẹ̀gbọ́n.

"Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sí ojú oórì bàbá. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Wọ́n máa gbọ́ tiyín."

Hannah wo ọmọ tí wọ́n ń kọ́ láti máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe àánú ló ṣe é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí wọ́n sọ ọkọ rẹ̀ dà ni. Ọkùnrin tí kò bá ògiri jà, wọ́n ti sọ ọ́ di iwin tó ń pariwo lé ewúrẹ́ lórí nítorí Pijó, òun náà sì jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń gbádùn rẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ mú un.

"Dìde. Sọ fún bàbá rẹ kí ó mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ó ní kí wọ́n pe Bàbá Dúrótoyè pẹ̀lú, àwọn tó kù sì tẹ̀lé e, nítorí ìlú tó ń wá ìran wíwò kò nílò ìpè. Nígbà tí wọ́n pé, ó mú rìmóòtù jáde nínú báàgì, ó tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò ké kwí-kwí. Àwọn kan sá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tì. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Ó dúró kí àwọn tó sá padà wá, ó tún ṣe é lójú tiwọn náà. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bánjọ, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó, ó yí i díẹ̀, iná pupa tàn, ó tún un yí, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó pa á.

"Ohun tó wà nínú àpò ẹ̀wù ọkọ mi nìyí. Gbogbo ìgbà tí ẹ fi jókòó tì í, ẹ kò béèrè."

"Kí ló dé tí o kò sọ, ìyàwó?" ni Bàbá Dúrótoyè bi í.

"Kò sí ẹni tó bi mí, bàbá. Kọ́kọ́rọ́ lẹ ní kó wà lọ́wọ́ wọn."

"O sì jẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ wa ní apànìyàn?"

"Èmi kọ́ ni mo pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni mo ṣe mú un jáde. Ọkọ mi kò bá ẹnikẹ́ni jà láyé. Ẹ wá rò pé yóò ti ọ̀run bọ̀, kí ó máa wá bá Bánjọ du mọ́tò?"

Orúkọ Bánjọ tó pè lásán yẹn, gbogbo agbolé gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé náà, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó bá a wí.

Bánjọ nu ojú. Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wáyà ni," ló wí, ó sì na ọwọ́ kí Hannah gbé rìmóòtù lé e.

Hannah wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó wò ó pẹ́. Bàbá Dúrótoyè ló fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gbá ọwọ́ náà sísàlẹ̀. "Sinmi," ló wí fún un. Ó yíjú sí Hannah, ó ní kí ó máa wa mọ́tò ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó dìde, ó lọ sílé.

Wọ́n gbé Níkẹ́ níyàwó kí ọyẹ́ tó wọlé. Hannah ló fi mọ́tò gbé ìyàwó lọ sí Ẹ̀rìjìyàn. Bánjọ jókòó síwájú, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ síta. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún àwọn àna bí wọ́n ṣe ń lo rìmóòtù, bí ẹni pé òun ló rọ ọ́. Àwọn àna ń mi orí. Hannah gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan, ó ń fẹ́ ara rẹ̀.

Àwọn ará ìlú ń yìn ín pé ó ti dárí jì í, nítorí kò sí ọjọ́ tí Bánjọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí kò gbé e. Hannah kò dárí jì í. Ẹni tí a bá kà sí là ń bá jà. Ó ń gbé e gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbé àpò gaàrí, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ láti Ìkòrò títí wọ́n á fi dé Ìjerò. Bánjọ ní tirẹ̀ kì í pa ẹnu mọ́: ó ku díẹ̀ kí òun náà ra mọ́tò, irú èyí tó ju Pijó lọ. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, yóò sọ̀ kalẹ̀.

"O ṣé, ìyàwó."

"Ẹ rọra ti ilẹ̀kùn," ni Hannah á wí, á sì máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.