Bí Ṣèyílọ́lá Ṣe Yọ Atọ́ka Akínwálé

Ṣèyílọ́lá kì í gbàgbé ọ̀ràn.

Ilé iṣẹ́ wọn ní Igbó Ẹfọ̀n ló ń forúkọ tírélà tó ń lọ sí èbúté Lekki sílẹ̀. Géètì pọ̀, gbogbo wọn ló sì ń kọ̀wé sínú dátábéèsì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Akínwálé, ọ̀gá rẹ̀, fẹ́ kí ìròyìn tó ń gbé fún ọ̀gá àgbà láràárọ̀ máa yára jáde. Ó fi atọ́ka, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè rí ohun tí a ń wá, sórí ohun gbogbo: orúkọ awakọ̀, àwọ̀ mótò, títí kan ìlú tí awakọ̀ ti wá. Tírélà kan bá wọlé, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún gbogbo atọ́ka yẹn kọ. Ṣèyílọ́lá, tó ń bójú tó dátábéèsì náà, kìlọ̀ pé yóò fa géètì sẹ́yìn. Etí ikún.

Nígbà tí géètì dákú, Akínwálé nàka sí i lójú gbogbo òṣìṣẹ́: "Ọmọ yìí ló ba dátábéèsì wa jẹ́." Wọ́n lé e.

Lílé e kò tún nǹkan ṣe. Tírélà tò dé Lakowe. Akínwálé wá a lọ sílé ní Ajah, ó sì mú Bàbá Suliat, onílé Ṣèyílọ́lá, dání. Ó mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ kì í kọ ẹ̀bẹ̀ àgbà.

"Ọmọ mi, nítorí tèmi," ni Bàbá Suliat wí.

"Mo gbọ́, Bàbá. Màá lọ. Àmọ́ ibi tó ti bà mí lórúkọ jẹ́ ni kó ti bẹ̀ mí."

Akínwálé rẹ́rìn-ín. "Ṣèyí, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ta ni Ṣèyí rẹ?"

Lọ́jọ́ kejì, Akínwálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ́fíìsì. "Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe òun."

Màríàm tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà pariwo: "Ọ̀gá, a ò gbọ́ o! Ẹ gbóhùn sókè!"

Ó tún un sọ.

Ṣèyílọ́lá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó yọ gbogbo atọ́ka, ó ku ti nọ́ńbà mótò nìkan. Ó ní kí géètì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ jọ díẹ̀, kó tó tú u sínú dátábéèsì pọ̀, bí a ṣe ń fi bárò kó búlọ́ọ̀kù dípò ká máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀nà ti là.

Ní òwúrọ̀, Akínwálé pè é.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìròyìn mi kò jáde. Ọ̀gá àgbà ń retí mi."

"Á jáde tó bá dọ̀sán. Ṣebí mótò lẹ ní kó máa wọlé?"

"Ẹ dá atọ́ka kan padà fún mi. Ẹyọ kan péré!"

Ṣèyílọ́lá lè ṣe ẹ̀dà dátábéèsì sọ́tọ̀ fún ìròyìn, tí kò ní dí géètì lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Kò sọ ọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá."

Ó pa fóònù, ó sì padà sídìí mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu.