Kéèkì Tí Mo Fi Ba Ìyá Mi Lórúkọ Jẹ́

Ìwé mẹ́rin ni mo kọ tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi kan ti kán, àwọn ni wọ́n gbé e dúró, nítorí náà n kò lè sọ pé wọn kò wúlò. Ìkarùn-ún, ìtàn ẹbí kan tó ń sin bàbá wọn, ló pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín tó sì pa wọ́n lẹ́kún. Nínú rẹ̀, ọtí pa bàbá, àwọn ọmọ jà lórí ibojì, àkọ́bí sì gbé ìyàwó ọkùnrin tó kan pósí sá lọ.

Ìyá mi, Attracta Tuohy, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kò bínú sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ojú ewé ogójì ló bí i nínú. Níbẹ̀, ìyá inú ìwé gbé kéèkì ṣọ́ọ̀bù fún àwọn tó wá ṣe àìsùn òkú, ó ní òun lòun ṣe é. Ní Kilvarna, ìlú kékeré wa, bí o bá jí màlúù, wọn á gbàgbé. Kéèkì ṣọ́ọ̀bù níbi òkú ọkọ ẹni, ó dọjọ́ ikú. Gbogbo ìlú ló sì gbà pé ìyá mi ni mo kọ síwèé.

Ọ̀sẹ̀ méje ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Dympna, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló ń gbé fóònù.

"Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn ò sí nílé."

"Mo ń gbóhùn wọn níbẹ̀."

"Wọ́n ń gbóhùn tìẹ náà. Wọ́n láwọn ò tíì dé."

Nígbà tí àjọ̀dún ìwé ìlú wa pé, wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn ìjọ ní ọ̀sán Sátidé. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì tuntun, mo dúró níwájú dígí, mo ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń ronú. Nígbà tí mo gorí pèpéle, mo rí ìyá mi ní ìlà kẹta, nínú kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, agolo kéèkì lórí itan rẹ̀. Gbogbo ìrònú tí mo ti kọ́ fò lọ.

Fergus Lavelle, tíṣà tó ń bi mí ní ìbéèrè, ní báwo ni mo ṣe ń po ẹkún mọ́ ẹ̀rín. Mo ní, "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi gan-an. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Bernie Scahill, aládùúgbò wa, na ọwọ́. "Colman, gbogbo ẹ̀ dáa, a ti gbọ́. Kéèkì yẹn ńkọ́? Ta ló rà á?"

Mo ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀ pé ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ ìyá mi lórí agolo yẹn.

"Èmi ni mo rà á," ni mo wí. "Màámi gbé kéèkì tiwọn sínú ààrò, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ, kí àwọn lè jókòó ti òkú bàbá mi. Ìwé ni mò ń kà. Kéèkì di èédú. Mo sáré ra òmíràn, mo gbé e sínú àwo wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wojú mi, wọ́n ní àwọn làwọn ṣe é, kí ẹ má bàa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi bo àṣírí mi. Èmi ni mo wá tà wọ́n lọ́pọ̀, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín."

Ojú tì mí. Òǹkọ̀wé máa ń fi ojú títì ṣe ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n èyí gbóná dé etí.

Ìyá mi dìde. "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n," ló wí. Ó ṣí agolo. "Bernie, gbà, kó o gbé e yí ká."

Bernie mú ègé kéèkì kan, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Attracta, èyí ò wá láti ṣọ́ọ̀bù."

Ìgbà tí ìyá mi fi dé ọ̀dọ̀ mi, agolo ti ṣófo. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ègé kéèkì ṣọ́ọ̀bù kan jáde, nínú ọ̀rá rẹ̀.

"Tìẹ nìyí. Aago kan loúnjẹ ọ̀la. Má pẹ́, má sì mú bírò wá."

Mo jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo wọn. Ó gbẹ, n kò sì béèrè omi.