Apá Kejì Tí Mo Kọ fún Àwẹ̀ró

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Olówógbowó, kò sí fíìmù tó máa ń parí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí. Ẹ ó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti ẹ̀yìn ìrun Alásárì, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn gan-an ni wọn yóò ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí á máa retí apá kejì. Apá kejì náà lè má dé Apọ́ngbọ̀n tí wọ́n ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì títí ọdún yóò fi yí po. Mo fura pé àwọn tó ṣe é kò tíì mọ ibi tí ìtàn wọn ń lọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ apá kejì fúnra mi nìyẹn. Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó ilé tó wà nínú fíìmù tí mo mú. Ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣòwò, apá kìíní sì parí síbi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo òjò. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi ni mo kọ ọ́ sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: nínú ojú ìwé mẹ́fà péré, èèyàn mọ́kànlá kú. Àrá sán pa ọkọ, ejò bu ìyá ọkọ jẹ, gbogbo ẹni tó bá la ẹnu ló ń pòwe, títí kan ọmọ ọwọ́.

Rísíkà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń yá àwọn ọmọ ilé kéwú wa ní ìwé náà. Wọ́n máa ń fún un ní gúgúrú àti ẹ̀pà. Ẹ̀kúnwọ́ kan ló máa ń já mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn, nítorí ètè rẹ̀ kì í gbẹ iyọ̀. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ Alfa tẹ ìwé náà, èmi nìkan ló kúnlẹ̀ tí mo gbé wàláà lérí. Rísíkà ní òun kò mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá ni ọwọ́ mi yí padà. Wọ́n ti fi mí sí ara àwọn tó ń ṣa ẹ̀wà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé. Alhaja, ìyá bàbá wa, sọ pé ojú ọmọdé ló tètè ń rí òkúta. Ọwọ́ mi wà lórí àtẹ, etí mi wà lẹ́nu wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bíi tàwọn èèyàn inú ìwé mi. Ẹni tó ń bínú á béèrè iyọ̀. Ẹni tó fẹ́ sunkún á ní àlùbọ́sà ni.

Ẹni tí mo ń ṣọ́ jù ni Àǹtí Múníràtù, ìyàwó Bọ̀dá Láwàní tó jẹ́ àbúrò bàbá mi. Bọ̀dá kò jẹ́ kó ta ohunkóhun, ó sì máa ń bú u níṣojú wa. Bí Àǹtí bá fẹ́ sọ ohun tó dùn ún, á kọ́kọ́ tú ìró rẹ̀ ró, á ní, "Kí n má parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni," á sì dákẹ́. Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìró ró. Ẹnikẹ́ni kò kú mọ́. Mo lè lo odidi ojú ìwé kan lórí bó ṣe ń yí ẹja nínú epo, tí bàtà ọkọ rẹ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Rísíkà kọ́kọ́ kùn pé ejò dà. Nígbà tó yá, kò kùn mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kà á.

Gbogbo ọjọ́rú ni Àǹtí ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Obalende. Bó bá ń lọ, báàgì rẹ̀ á kún. Bó bá ń bọ̀, á ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, búrẹ́dì tiwa nìkan ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Mo jẹ búrẹ́dì, n kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Mo ní Àwẹ̀ró ń kó aṣọ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú àpótí kó má baà fúyẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá gbé e.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Rísíkà jókòó sáàárín àwọn obìnrin tó ń dirun, ó ń kà á sókè. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹ gbọ́ ohùn Múníràtù." Àǹtí fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni Bọ̀dá Láwàní, tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí a kò sì rí i. Ó gbé bútà kalẹ̀. Ó wọlé. A gbọ́ ìdérí àpótí Àǹtí. Nígbà tó jáde, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Èmi ni Àǹtí wò, kì í ṣe ọkọ rẹ̀.

Mo fi Ọlọ́run búra pé mo kàn hùmọ̀ ìwé ìròyìn yẹn ni. Rísíkà kò gbà títí dòní. Nígbà míì èmi náà máa ń fura sí ara mi, bóyá ojú mi ti gba ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn kọjá rí. Wọ́n rán àwọn àgbà lọ kó ẹrù náà bọ̀ láti Obalende. Alhaja ní kí n kúnlẹ̀ títí di Mọ̀gàríbì, kì í ṣe torí pé mo parọ́. Ó ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Àǹtí tún lò nílé yẹn, kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ sì wà lápò Bọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bá mi sọ ọ́, nídìí ẹ̀wà. "O mọ̀ ọ́n wò, ọmọ yìí. O ò mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́."

N kò bẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ mi ti tún yí padà. N kò parí Àwẹ̀ró. Gbogbo ẹni tí mo bá kọ, mo máa ń pààrọ̀ ìrìn rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ títí kò fi ní jọ ẹni tí mo mọ̀.

Lónìí, orí fóònù ni mo ti ń kọ apá kejì àwọn fíìmù. Fíìmù ń parí báyìí, àwọn èèyàn ló kàn fẹ́ kó máa lọ. Gbólóhùn mi ń dán, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ìtàn mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀rọ kọ́ ló bá yín kọ eléyìí?" Àwọn mìíràn ní àwọn náà ti ń fura. Láyé ìjọ́sí, wọ́n fìyà jẹ mí torí pé ìwé mi jọ èèyàn jù. Nísinsìnyí, kò jọ ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí wọnú eegun.

Ọjọ́ kejì ni ohùn kan wọlé sórí fóònù mi. Àǹtí Múníràtù ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yẹn, ó jáde nílé Bọ̀dá lọ́sàn-án gangan, ó ń ta aṣọ fèrèsé ní Obalende báyìí. N kò mọ̀ rárá pé ó ń ka ìwé mi.

"Kí n má parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni," ló wí. Lọ́tẹ̀ yìí kò dákẹ́. "Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Kò séèyàn níbẹ̀. Bọ̀dá ẹ ti kú, Alhaja náà ti lọ. Ta lo wá ń fi mí pa mọ́ fún? Àwẹ̀ró yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà o."

Mo ra ìwé ìṣirò kan ní Apọ́ngbọ̀n, mo ṣí i láti ẹ̀yìn. Mo kọ ọ́ pé òjò ti dá. Àwẹ̀ró tú ìró rẹ̀ ró, ó sì gbé àpótí rù. Ó wúwo gan-an, aṣọ ló kún inú rẹ̀.