Àkọsílẹ̀ Ìpàdé tí Mo Kọ kí Ìpàdé Tó Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lónìí. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lójú mi ní Ìkòròdú níbí, ẹnu sì ń yà mí títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí n lọ wá àwọn tí kò tíì gbọ́. Ẹ̀yin náà nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé sìmẹ́ńtì àti ìṣó ni mò ń tà ní Sábó. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀ ni pé mo wà nínú bọ́ọ̀dù NGO kan, ó ti ń lọ sí ọdún kẹsàn-án. Èmi ni akọ̀wé. Kí ló dé tí wọ́n fi mú mi? Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, mo sì máa ń tètè dé. Kò sí ìdí mìíràn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Agbẹ̀bí ni wọ́n ní ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọ́n rí i pé àwọn aboyún abúlé etí ọ̀sà, láti apá Èjìnrìn títí dé Ẹ̀pẹ́, ń rọbí sínú ọkọ̀ àjẹ̀ kí wọ́n tó rí dókítà. Ni wọ́n bá ra bóòtù ẹlẹ́ńjìnnì kan láti máa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Bóòtù náà ti di méjì báyìí. Tí n bá ní kí n máa ka àwọn ìyá tí wọ́n ti gbé, a ò ní kúrò níbí lónìí.

Màmá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọn ò ga, ohùn wọn kì í sì í lọ sókè, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wọlé, gbogbo wa la máa ń dìde. Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Bàbá Tíṣà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì tó jẹ́ alága bọ́ọ̀dù wa, àwọn náà á tẹ̀ ba dáadáa kí wọ́n tó jókòó.

Bí ìpàdé wa ṣe máa ń lọ nìyí, ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Tí ìpàdé bá ku ọ̀la, Màmá á pè mí lórí fóònù, wọ́n á sọ ohun tí a máa fẹnu kò sí. Màá kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó pàdé, Màmá á sọ̀rọ̀, Bàbá Tíṣà á ní ọ̀rọ̀ náà dára, ẹnì kan á gbè é lẹ́sẹ̀, a ó jẹ mọ́ínmọ́ín, a ó túká. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ti wà nínú báàgì mi látàárọ̀. Ohun tí mo máa ń fi kún un kò ju aago tí a parí lọ.

Ṣé mo rí i pé ó burú? Rárá. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é. Màmá tó gbẹ̀bí àbúrò mi, ṣé èmi ló máa la ẹnu sọ pé ohun tí wọ́n sọ ò dáa?

Ohun tó ta wá jí ni ti obìnrin Ìlàjẹ kan ní abúlé kan lẹ́yìn Èjìnrìn. Ó rọbí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Orímisàn, awakọ̀ bóòtù wa, wà nítòsí, epo sì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n òfin wa ni pé bóòtù ò gbọdọ̀ gbéra àfi tí Màmá bá ní kó lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá, fóònù wọn wà ní pípa. Orímisàn pè títí. Ó wá pe èmi náà. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ fún un? Mo ní kó ní sùúrù, kí Màmá kọ́kọ́ jí.

Ọkọ obìnrin náà fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé e. Orí omi ló bímọ sí. Ọmọ náà ò tètè ké, ẹ̀jẹ̀ sì dà púpọ̀ lára ìyá. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, àwọn méjèèjì yè é. Àmọ́ ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oúnjẹ ò fi lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Màmá gbọ́. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n kàn ní àsìkò ti tó láti wá olùdarí àgbà tí á máa bójú tó iṣẹ́ náà, torí ara wọn ò gbé e mọ́. A gbé ìkéde síta, èèyàn mẹ́rìnlá fi CV ránṣẹ́, a mú méjì fún íńtáfíù.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Fẹ́mi, ọmọ ọ̀rẹ́ Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ dáadáa ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ẹnì kejì ni Sikírátù, ọmọ ilé apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́, tó ti ń ṣe alákòóso ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sikírátù yìí ti kọ̀wé sí mi ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé kí n jọ̀ọ́, kí n fún òun ní àkọsílẹ̀ ìpàdé bọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́ta. Mo fi ránṣẹ́. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé á rí bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe gún tó.

Nígbà tí íńtáfíù ku ọ̀la, fóònù mi dún. Ẹ ti mọ ẹni tó pè. Màmá ní Fẹ́mi ló wu àwọn, pé ó máa ń gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Mo jókòó, mo kọ ọ́ bí ìṣe mi: pé lẹ́yìn tí bọ́ọ̀dù ti yẹ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wò dáadáa, gbogbo wa fẹnu kò sí Fẹ́mi. “Dáadáa” yẹn gan-an ni mo kọ. Mi ò tíì rí Fẹ́mi sójú nígbà yẹn.

Ọjọ́ pé. Fẹ́mi kọ́kọ́ wọlé, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, “bẹ́ẹ̀ ni mà” tó sọ ò lóǹkà. Sikírátù wá wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó kí gbogbo wa, ó jókòó, òun náà dáhùn ohun tí a bi í. Nígbà tí Bàbá Tíṣà wá ní ṣé ó ní ìbéèrè, ló bá mú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí i jáde nínú báàgì.

Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ò sì rí ibì kan ṣoṣo, nínú ọdún mẹ́ta gbáko, tí ẹnì kan ti ní òun ò fara mọ́ nǹkan kan. Òun ò tiẹ̀ rí ibi tí ẹnì kan ti béèrè ìbéèrè. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Kò dúró níbẹ̀. Ó ní òun ti lọ sí abúlé obìnrin tó bímọ sórí omi yẹn, òun gbé ọmọ náà lọ́wọ́, òun sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. A wo ara wa. Nínú gbogbo wa tí a wà nínú bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó tíì débẹ̀. Ẹni tí a ò tíì gbà síṣẹ́ ti lọ!

“Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin òbí mi,” ó ní. “Iṣẹ́ yìí wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èmi náà bá ṣìṣe, tí ẹ̀mí ìyá àtọmọ wà níbẹ̀, ta nínú yín ló máa lè wò mí lójú kó ní, Sikírá, rárá?”

Bàbá Tíṣà ń wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. Sikírátù ní òun á dúró níta, ṣùgbọ́n tí kò bá sí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn, òun ò ní lè gba iṣẹ́ náà. Ó tún kúnlẹ̀, ó jáde.

Mo rò pé Màmá máa bínú. Wọn ò wo ẹlòmíì, èmi ni wọ́n kọjú sí. “Fọlákẹ́, ṣé o ti kọ tòní?”

Mo fẹ́ parọ́, ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín. Àmọ́ ọwọ́ mi ti wọ báàgì. Màmá ní kí n kà á sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, nígbà tí mo dé ibi “dáadáa” yẹn, ojú tì mí débi pé ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Màmá wá ní, “Ṣé èmi pẹ̀lú ara mi ni mo ti ń ṣe ìpàdé látọjọ́ yìí?” Ohùn wọn ò le. Ó ń ya àwọn náà lẹ́nu ni. Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n dìde. Bàbá Tíṣà sáré fẹ́ dì wọ́n mú, Màmá ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn ń lọ jókòó sábẹ́ igi níta, kí ẹnikẹ́ni má wá bi àwọn ní ohunkóhun, ohun tí a bá fẹnu kò sí ni kí a ṣe. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà.

“Ẹ má torí ọ̀wọ̀ tèmi pa ọmọ ọlọ́mọ,” wọ́n ní. Wọ́n sì fọwọ́ ara wọn pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi wú. Mo ti rí àgbà tí wọ́n fipá lé kúrò lórí oyè, mo ti rí èyí tó kú sórí rẹ̀. Mi ò rí irú èyí rí.

Ó wá ku àwa mẹ́fà nínú yàrá. A ò mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ká gbàdúrà, a gbàdúrà. Nígbà tó yá, ó ní ká tún gbàdúrà. Bàbá Tíṣà wá ní lójú tàwọn o, Fẹ́mi náà ni ká ṣì mú, kí inú Màmá lè dùn.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ò fara mọ́ ọn.” Bàbá Tíṣà wò mí títí, wọ́n wá ní ó dáa, kí n sọ ìdí.

Háà, a fà á! Ó fẹ́ẹ̀ tó wákàtí méjì. Mọ́ínmọ́ín tutù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Níkẹyìn a dìbò: mẹ́rin mú Sikírátù, méjì mú Fẹ́mi. A fẹnu kò pé èèyàn méjì láti àwọn abúlé etí ọ̀sà gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀dù. A ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lò ju ọdún mẹ́fà lọ nínú bọ́ọ̀dù, èyí tó túmọ̀ sí pé èmi náà máa lọ. A sì ní tí obìnrin bá ti rọbí, kí Orímisàn gbéra, kó má pe ẹnikẹ́ni. Ojú ìwé mọ́kànlá ni mo kọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà ò ṣe é wò.

Ẹ̀rù bà wá láti lọ sọ fún Màmá. A tò lẹ́yìn Bàbá Tíṣà lọ sábẹ́ igi. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá? Wọ́n ní ṣé a jà. Bàbá Tíṣà ní, a jà díẹ̀, mà. Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó kù díẹ̀ ká di bọ́ọ̀dù.

Sikírátù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ kí Màmá nílé, mo bá Orímisàn níbẹ̀, ó gbé ẹja wá fún wọn. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ní obìnrin tí òun gbé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti bí ìbejì. Màmá ní obìnrin wo? Ta ló ní kó lọ?

Orímisàn wo ojú mi kó tó dáhùn. Ó ní kò sẹ́nì kankan, mà. Wọ́n pe òun, òun sì gbéra.

Mo rò pé ó dun Màmá. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi tù wọ́n nínú, àfi bí wọ́n ṣe bọ́ ìgò ojú wọn, tí wọ́n ń fi etí ìró nu omijé.

“Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun?” wọ́n ní. “Oorun ni mò ń sùn o. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ rárá.” Ẹ̀rín wà lójú wọn.

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ràn àgbà tó dá nǹkan ńlá sílẹ̀, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè sùn. “Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni” tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án sọ, kò ran Màmá lọ́wọ́ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ti ilé ìwé àbí ti àdúgbò, ìgbà wo lẹ ti la ẹnu kẹ́yìn pé ẹ ò fara mọ́ ọn? Kí ló sì ṣẹlẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.