Orúkọ Tí Mo Sọ Ajá Mi

Èmi ni mo sọ ajá mi ní Aṣebi-ń-ṣara-rẹ̀. N kò ní purọ́. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ ẹni tí mo ń fi bú. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà nílé ọkọ láìlóyún, ìyálé mi sì ti bí márùn-ún. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, èmi ni mo fi orí ara mi rò ó. Bí mo bá ti rí i tó ń wẹ ọmọ, màá bọ́ síta, màá ké sí ajá bí ẹni pé ó ti dé ìlú Aládé: "Aṣebi-ń-ṣara-rẹ̀ o!" Bẹ́ẹ̀, ìdí ẹsẹ̀ mi ni ajá náà máa ń wà.

Ìyálé mi kò fèsì rí, kò sì pe orúkọ náà rí. "Ẹran ìyàwó" ló ń pè é. Ó máa ń ju eegun ẹja sí i, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́ta.

Ó ku ọdún bíi mélòó kan kí òmìnira dé nígbà tí Ọlọ́run dá mi lóhùn, mo lóyún. Ọdún yẹn náà ni ajá dìgbòlugi bu ènìyàn jẹ, ni káńsù bá ṣòfin. Ajá tí wọ́n bá rí nígboro láìsí olówó rẹ̀ lẹ́yìn, wọlé-wọlé á mú un lọ sí ọgbà ẹ̀yìn ọ́fíìsì káńsù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn óò fi bọ́ ọ, wọn óò fún un lómi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá pé tí kò sẹ́ni tó wá, ìbọn ni. Ẹni tó bá wá gbà á á dúró níta ọgbà, á pè é lórúkọ lójú gbogbo ayé. Bí ajá bá jẹ́ ẹ, kó máa mú un lọ. Ìyẹn kò burú, torí àwọn kan ti ń dọ́gbọ́n wá ajá ọ̀fẹ́ tí wọn óò fi bọ Ògún.

Lọ́jọ́ tí mo rọbí, ta ló rántí ajá? Ó jáde, kò wọlé mọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá oníkẹrosíìnì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa wá kí mi. Ó ní, "Ìyàwó, o kú ewu ọmọ o. Ajá rẹ wà lọ́gbà káńsù. Àná ni wọ́n mú un."

Mo fò dìde, wọ́n fà mí jókòó. Níbo ni mo fẹ́ lọ? Lọ́dọ̀ wa, abiyamọ tuntun kì í kọjá ẹnu ọ̀nà títí ọjọ́ mẹ́jọ fi pé. Ọkọ wa wà lóko kòkó lọ́nà Atosin, a ti ránṣẹ́ sí i, kò tíì dé.

Ara mi kò balẹ̀ rárá. Mo gbé ọmọ, mo gbé e sílẹ̀. Mo lọ sójú fèrèsé, mo padà. Ajá yìí ló ń sùn lẹ́nu ọ̀nà mi ní gbogbo ọdún tí n kò rí ọmọ pọ̀n; ẹni tó bá ní ẹranko lásán ni, kó lọ wábi jókòó. Àárín àpáta ni ìlú wa wà; bí ìbọn bá dún, àpáta yìí á gbà á, tọ̀hún á dá a lóhùn, kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìbọn ọdẹ dún lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo bú sẹ́kún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyálé mi dúró lé mi lórí. "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an? O ò jẹun, ọmọ ń ké."

Ẹnu wo ni n óò fi sọ ọ́? Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ dúró níwájú káńsù, kó máa ké orúkọ tí mo fi ń bú u? Ojú tì mí. Mo kàn ní, "Ajá ni, ìyá mi."

Ó pòṣé. Ó wé gèlè rẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Lọ́sàn-án, ìbọn dún lọ́nà káńsù. Àpáta gbà á, ó gbé e fún èkejì. Mo di ọmọ mi mọ́ àyà. Mo ní ó parí. Mo ní èmi ni mo pa á, èmi àti ẹnu burúkú mi.

Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ èékánná lórí sìmẹ́ńtì. Ajá mi ni! Ìyálé mi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gba yàrá rẹ̀ lọ láìwò mí. Ìyá oníkẹrosíìnì tó bá a lọ ló jókòó tì mí tó rò ó.

"Akọ̀wé káńsù ní kó pè é. Èrò pé síbẹ̀ o! Ìyálé rẹ dúró, ó wolẹ̀, ó wá ké e: 'Aṣebi-ń-ṣara-rẹ̀!' Háà! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹnìkan ní, 'Ìyá, ṣé ara yín lẹ ń pè?' Kò wo ọ̀hún. Ajá rẹ kò sì dìde, kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó tún ké e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìyàwó! Ìgbà kẹta ló tó jáde. Ajá pupa kan tí kò sẹ́ni tó pè é ni wọ́n yìnbọn fún."

Ó ní ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Ìyálé mi kọjú sí akọ̀wé: "Ẹ̀yin tí ẹ ṣòfin yìí, ṣé obìnrin kọ́ ló bí yín ni? Ẹni tó ni ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè jáde fún ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ̀yin wá fún un ní mẹ́ta!" Akọ̀wé fi ìwé bojú. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, káńsù sọ ọjọ́ mẹ́ta di mẹ́sàn-án, wọ́n sì ní ará ilé lè gba ajá fún ará ilé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkómọ, mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyálé mi. Ó ń wẹ ọmọ mi. Mo ní kó dárí jì mí, mo ní n óò yí orúkọ ajá náà padà lọ́la.

Kò gbójú sókè. "Má yí nǹkan kan padà," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè é kó tó mọ ohùn mi. Bí wọ́n bá tún mú un nígbà tí o bá ń bí àbúrò eléyìí, kí lo fẹ́ kí n máa pè é?"